127.0.0.1 ti ń kan ilẹ̀kùn sáfà wa láti àná: ta ni yẹn?

Akọ̀wé Adó

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ jẹ́jọ́ níwájú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Èmi ni mò ń bójú tó sáfà, kọ̀ǹpútà tó gbé ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa dúró, níbí ní Adó. Mi ò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé ni mí; wọ́n rí i pé mo lè tẹ lẹ́tà láìwo ọwọ́ ni wọ́n bá gbé e lé mi lọ́rùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló tò ó fún wa, òun náà sì ti bá iṣẹ́ lọ sí Èkó láti èṣí. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà fóònù wọn, iye tí kálukú ti dá àti èyí tí wọ́n yá, inú sáfà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Lánàá ni mo ṣí lọ́ọ̀gì, ìwé tí sáfà ń kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, wò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta. Àyà mi já. Ẹnì kan ń gbìyànjú láti wọlé gẹ́gẹ́ bí “admin”, ó ju ìgbà 3,000 lọ lóru ọjọ́ kan, àdírẹ́sì kan náà ni wọ́n sì kọ síwájú gbogbo rẹ̀: 127.0.0.1. Mi ò fi falẹ̀. Mo sọ fún firewall, aṣọ́bodè sáfà, pé kó máa dá ohunkóhun tó bá ti 127.0.0.1 wá padà. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ojú ìwé ẹgbẹ́ kú fin-ín. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó fẹ́ wo owó wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí, ọ̀kan ní ṣé mo ti kówó lọ ni.

Mo tún rí 192.168.0.14, mo rí 100.72-nǹkan nínú lọ́ọ̀gì SSH (ọ̀nà tí a ń gbà wọ inú sáfà láti òkèèrè), mo sì rí 0.0.0.0 nínú fáìlì tí ọmọkùnrin yẹn kọ. Mo wá gbogbo wọn lórí àwọn ojú ìwé tó máa ń sọ ìlú tí àdírẹ́sì wà. Wọn ò rí ìlú kankan fún ọ̀kankan nínú wọn. Ṣé iwin ni?

Bàbá Ráútà, Ìkẹ́rẹ́

Ọmọ mi, yọ òfin yẹn kúrò ná. Yọ ọ́ báyìí kí o tó ka ọ̀rọ̀ mi tán.

127.0.0.1 kì í ṣe àlejò. Sáfà rẹ fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 127, láti 127.0.0.0 dé 127.255.255.255, ó lé ní mílíọ̀nù 16, wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fún kí ẹ̀rọ máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò gba inú wáyà kankan kọjá. Kò sí ẹni tó lè jókòó sí Rọ́ṣíà tàbí Ìbàdàn kó fi ránṣẹ́ sí ọ tààrà. Bí páálí dátà kan bá fi àdírẹ́sì yẹn lórí wọlé láti ìta, ẹ̀rọ tó bá lórí pípé yóò jù ú nù ni. Ojú ìwé yín ń fi àdírẹ́sì yìí bá dátábéèsì sọ̀rọ̀. Ìwọ wá ní kí ẹnu má bá etí sọ̀rọ̀ mọ́ nínú orí kan ṣoṣo. Báwo ni kò ṣe ní kú?

Ìbéèrè mi rèé: ṣé nginx tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ wà níwájú ohun èlò yín? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ó wà. Bó bá wà, nginx ni ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Àlejò dé láti ìta, ọlọ́dẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó wọlé lọ jíṣẹ́ fún onílé nínú yàrá. Onílé kò rí àlejò rí. Ojú ọlọ́dẹ ló ń rí láti àárọ̀ dalẹ́, òun náà sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pé “ọlọ́dẹ tún dé”. Ìgbà 3,000 tí o rí yẹn, ará ìta ni, ó lè jẹ́ ẹnì kan, ó lè jẹ́ igba èèyàn. Lọ́ọ̀gì tìẹ kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni.

Èyí tó burú jù ńkọ́? Àwọn ohun èlò kan wà tí wọ́n kọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí 127.0.0.1, wọ́n á ní “onílé nìyí, má bi í ní páswọ́ọ̀dù”. Gbé irú ẹ̀ sẹ́yìn nginx, gbogbo ayé di onílé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, 100.72 yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù o. Àwọn hákà Ṣáínà ni wọ́n máa ń lo 100. Ẹ kàn dí gbogbo ìlú òkèèrè pa, kí ẹ jẹ́ kí Nàìjíríà nìkan máa wọlé. Ohun tí èmi ṣe sí tèmi nìyẹn.

Ìyá Káfẹ́, Ẹ̀fọ̀n

Àbúrò, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Rọra o.

100.64 dé 100.127, kì í ṣe ti Ṣáínà, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ọdún 2012 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Àdírẹ́sì gbangba ti tán lọ́wọ́ àwọn tó ń pín in fún ayé láti oṣù kejì ọdún 2011. Èyí tó kù fún Áfíríkà wà lọ́wọ́ AFRINIC ní Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì, kò sì tó nǹkan. Kí wọ́n lè rí fún gbogbo wa, ilé iṣẹ́ fóònù á fún ìwọ, èmi àti ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ ní 100-nǹkan kọ̀ọ̀kan nínú ilé wọn, wọ́n á wá fi àdírẹ́sì gbangba kan ṣoṣo mú gbogbo wa jáde. Bí ọkọ̀ èrò tó gbé gbogbo wa lọ sí Adó ni: nọ́ńbà ọkọ̀ kan, èrò méjìdínlógún.

Ìdí tí mo fi ní kí o rọra ni pé ní káfẹ́ mi, mo ti dí àdírẹ́sì gbangba kan rí torí ẹnì kan ń yọ mí lẹ́nu. Àṣé ìdajì àwọn oníbàárà mi tó ń fi fóònù wọlé, inú ọkọ̀ yẹn náà ni wọ́n wà. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ọjà mi kú.

Ṣùgbọ́n Akọ̀wé, kò yẹ kí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá bá sáfà rẹ. Ibo ni sáfà yẹn gan-an wà? Ṣé abẹ́ tábìlì ní ọ́fíìsì ni, àbí ẹ yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń fi sáfà ṣòwò?

Ọmọ Ìjerò, Kánádà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ààbò lórí cloud, ìyẹn sáfà tí a ń yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ni mò ń ṣe níbí, mo kàn bá ìjíròrò yín pàdé ni. Ìyá Káfẹ́ ti dé ojú ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ṣé ẹnikẹ́ni fi Tailscale, ohun èlò tó ń so àwọn ẹ̀rọ pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, sórí sáfà yẹn rí? Àárín 100.64 sí 100.127 yẹn náà ló ti máa ń fún àwọn ẹ̀rọ tó bá so pọ̀ ní àdírẹ́sì. Bí ẹ bá rí 100.72 nínú lọ́ọ̀gì SSH, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé wọ́n ti gbà á wọlé, ẹnì kan tó ní kọ́kọ́rọ́ ni.

Akọ̀wé Adó

Mo ti yọ òfin yẹn, bàbá, ojú ìwé ti jí. Ẹ ṣé gan-an ni. nginx wà lóòótọ́.

Sáfà yẹn, abẹ́ tábìlì ló wà tẹ́lẹ̀. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ba páálí agbára rẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ni ẹgbẹ́ bá ní ká yá tilẹ̀ òkèèrè. Ọmọkùnrin yẹn ló kó gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Tailscale yẹn ni mo wò báyìí. Ó wà níbẹ̀! Ẹ̀rọ mẹ́ta ni wọ́n kọ: sáfà, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, àti láàpútọ́ọ̀pù kan tí orúkọ ọmọkùnrin yẹn wà lára rẹ̀. Òun ni 100.72. Ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn ló wọlé gbẹ̀yìn. Mo pè é, ó ní ńṣe ni òun fẹ́ mú fáìlì kan tí òun kọ, pé kò sí nǹkan burúkú. Mo gbà á gbọ́, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọdún kan rèé tó ti kúrò, kọ́kọ́rọ́ ilé wa ṣì wà lápò rẹ̀. Mo ti yọ láàpútọ́ọ̀pù yẹn, mo sì ti pa kọ́kọ́rọ́ SSH rẹ̀ rẹ́.

Ọmọ Ìjerò, Kánádà

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun èlò yẹn ò ṣe nǹkan, ìwé tí a kì í tún wò ló ṣe é.

Ẹ tẹ èyí sórí sáfà, yóò sọ àwọn ohun tó ń dúró de àlejò níbẹ̀ àti pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) kálukú, kí ẹ lẹ ohun tó bá jáde síbí. Ẹ pa àdírẹ́sì gbangba yín rẹ́ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ o.

`sudo ss -tlnp`

Akọ̀wé Adó

Mo ti gé ìyókù kúrò:

`LISTEN 127.0.0.1:8000   gunicorn`
`LISTEN 0.0.0.0:443      nginx`
`LISTEN 0.0.0.0:22       sshd`
`LISTEN [::]:22          sshd`
`LISTEN 0.0.0.0:3306     docker-proxy`

Mo rí 0.0.0.0 tí mo wí. Mo rò pé òdo mẹ́rin túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ọmọ Ìjerò, Kánádà

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Bí ẹ bá rí 0.0.0.0 níwájú ohun tó ń dúró de àlejò, “gbogbo ẹnu ọ̀nà” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ojú tó kọ sí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú tó kọ sí Tailscale, ojú tó kọ sí inú ara rẹ̀, gbogbo wọn ló ṣí sílẹ̀. [::] yẹn, arákùnrin rẹ̀ ni ní IPv6, irú àdírẹ́sì tuntun tó gùn.

Ẹ wá wo ìlà márùn-ún yẹn. Ti àkọ́kọ́ dáa: gunicorn, tó ń mú ohun èlò yín ṣiṣẹ́, ń gbọ́ ní 127.0.0.1, ohun tó wà nínú sáfà, bíi nginx, nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀. 443 gbọ́dọ̀ ṣí, ibẹ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́ ń gbà wọlé. 22 ṣí, bí ẹ bá ti pa wíwọlé pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù tí ẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ nìkan wọlé, èèyàn lè sùn. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló lé oorun lójú mi. 3306 ni pọ́ọ̀tù MySQL. Dátábéèsì ẹgbẹ́, pẹ̀lú orúkọ àti gbèsè gbogbo èèyàn, ló jókòó sí ìta gbangba yẹn, ó ń dúró de ẹni tó bá mọ páswọ́ọ̀dù.

Irú èyí ló sọ ọ̀pọ̀ èèyàn dòfo ní oṣù kìíní ọdún 2017. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ dátábéèsì MongoDB ló wà ní gbangba láìní páswọ́ọ̀dù. Àwọn olè wọlé, wọ́n pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, wọ́n fi ìwé sílẹ̀ pé ẹ wá san owó. Ẹ̀yìn ìyẹn, ní MongoDB 3.6, ni wọ́n sọ 127.0.0.1 di ibi tó máa ń gbọ́ sí fúnra rẹ̀ níbi gbogbo. Ti memcached, ohun èlò tó ń fi dátà pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, náà ò tó ọdún méjì sí i: ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2018, àwọn sáfà tí pọ́ọ̀tù 11211 wọn ṣí sí gbogbo ayé ni wọ́n fi ya omi dátà lu GitHub, ojú ìwé tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, ó tó 1.35 terabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó ni sáfà wọ̀nyẹn ò mọ nǹkan kan. Ògiri ló lanu, aláǹgbá wọ ibẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ lọ jí ẹran nílé ẹlòmíràn.

Akọ̀wé Adó

Dúró ná. Èmi fúnra mi ni mo pa 3306 pẹ̀lú ufw, firewall wa, nígbà tí wọ́n kó o dé. Ó ṣì wà níbẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó: REJECT.

Ọmọ Ìjerò, Kánádà

Mo gbà yín gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Docker, ohun èlò tí dátábéèsì yín ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ni. Bí wọ́n bá ní kí Docker ṣí pọ́ọ̀tù, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ òfin tirẹ̀ sínú iptables (ìwé òfin firewall), ọ̀nà tó gbà kì í kọjá níwájú ufw rárá. Ẹ ti ilẹ̀kùn iwájú, ó lọ gbẹ́ ihò sí ògiri ẹ̀yìn.

Ẹ wá fáìlì compose tí Docker ń tẹ̀lé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `3306:3306` sí, ẹ sọ ọ́ di `127.0.0.1:3306:3306`, kí ẹ tún un gbé dìde. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ dán an wò láti ìta. Ẹ má lo wáyà ọ́fíìsì tàbí Tailscale o, dátà fóònù ni kí ẹ fi ṣe é: `nc -vz` pẹ̀lú àdírẹ́sì sáfà àti 3306.

Akọ̀wé Adó

Mo jáde síta, mo jókòó lórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ tó múlé tì wá, mo pa Wi-Fi, mo fi fóònù so láàpútọ́ọ̀pù. Ó kọ “succeeded”, pé ó wọlé. Ọ̀rọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n òógùn bò mí.

Mo yí i padà bí o ṣe wí. Ojú ìwé kú díẹ̀, ó jí. Mo tún padà sórí bẹ́ńṣì. “Connection refused.” Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí inú mi máa dùn pé wọ́n kọ̀ mí.

Ìbéèrè kan: bí mo bá fẹ́ wo dátábéèsì láti ilé ńkọ́?

Bàbá Ráútà, Ìkẹ́rẹ́

`ssh -L 3307:127.0.0.1:3306` pẹ̀lú orúkọ rẹ àti sáfà. Yóò gba inú SSH kọjá bí omi ṣe ń gba inú páìpù. Kò sí pọ́ọ̀tù tí o máa ṣí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má gbàgbé 192.168.0.14. Òun ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ìrọ̀lẹ́.

Fún ẹ̀yin ọmọdé tó ń kà á: láti 1996 ni RFC 1918, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kan, ti ya agbo mẹ́ta sọ́tọ̀ fún inú ilé. 10.0.0.0 dé 10.255.255.255. 172.16.0.0 dé 172.31.255.255. 192.168.0.0 dé 192.168.255.255. Ẹnikẹ́ni lè lò ó, kò sí ẹni tó ni ín. Ìlú mélòó ní Èkìtì ló ní àdúgbò tó ń jẹ́ Odò-Ọjà? Kọ lẹ́tà kí o kọ “Odò-Ọjà” nìkan sí i, gbé e fún awakọ̀ tó ń lọ sí Kánò. Ibo ló fẹ́ gbé e lọ? Bí 192.168.0.14 ṣe rí nìyẹn. Ọ̀kan wà nílé mi báyìí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Ọ̀kan lè wà nílé rẹ, kó jẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

(Ẹ ṣọ́ agbo kejì yẹn. Mo ti rí ẹni tó kọ òfin pé gbogbo ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 172 jẹ́ ti inú ilé. 172.15 àti 172.32 wà ní ìgboro o, èèyàn gidi ló ni wọ́n.)

Ó wá ku ìbéèrè kan. Sáfà rẹ wà lókè òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Odò-Ọjà wo ni 192.168.0.14 ti wá bá a? Lẹ ìlà yẹn fún mi bó ṣe wà.

Akọ̀wé Adó

Òun rèé: aago 2:41 òru, 192.168.0.14, `/admin/omo-egbe`, 200.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa, 192.168.0 ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ta ló wà ní ọ́fíìsì ní aago mẹ́ta kù díẹ̀ lóru? Ìnfátà gan-an ti kú nígbà yẹn.

Bàbá Ráútà, Ìkẹ́rẹ́

Wo inú kóòdù bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó lè wo ojú ewé admin. Wá ọ̀rọ̀ “192.168” níbẹ̀. Wá X-Forwarded-For pẹ̀lú.

Akọ̀wé Adó

Mo rí méjèèjì. Ìlà kan sọ pé bí X-Forwarded-For bá wà, kó mú àdírẹ́sì látibẹ̀. Bí kò bá sí, kó mú ti ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ìlà kejì sọ pé bí àdírẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “192.168.0.”, kó ṣí admin láìbéèrè páswọ́ọ̀dù. Mo rántí ìdí rẹ̀! Nígbà tí sáfà wà lábẹ́ tábìlì, akápò wa máa ń gbàgbé páswọ́ọ̀dù, ọmọkùnrin yẹn ní kó má ṣèyọnu, ẹni tó bá ti wà ní ọ́fíìsì á kàn wọlé.

Bàbá Ráútà, Ìkẹ́rẹ́

Ó ti yé mi. X-Forwarded-For jẹ́ ìwé pélébé tí ọlọ́dẹ fi ń sọ fún onílé pé “ẹni tó rán mi rèé”. Ṣùgbọ́n nginx tìrẹ, wọn ò sọ fún un pé kó kọ ìwé náà fúnra rẹ̀. Bí àlejò bá kọ tirẹ̀ wá láti ilé, nginx á kàn gbé e wọlé bó ṣe wà. Ẹni tó wá lóru yẹn kò gba ibì kankan kọjá ní Adó. Ó kàn kọ ọ́ sórí ìwé pé ọmọ ilé ni òun, ẹ sì ṣílẹ̀kùn. Àwọn ẹ̀rọ tó ń rìn kiri lóru máa ń gbìyànjú 127.0.0.1, wọ́n máa ń gbìyànjú 192.168 àti 10, wọn ò mọ̀ yín rí.

Fi èyí sínú nginx: `proxy_set_header X-Forwarded-For $remote_addr;` Báyìí, ohun tí àlejò bá kọ wá, yóò pa á rẹ́, yóò kọ ohun tí ojú ara rẹ̀ rí. Ìlà 192.168 nínú kóòdù ńkọ́? Pa á rẹ́ lálẹ́ yìí. Kí akápò fara da páswọ́ọ̀dù, kí ẹ tún fi kóòdù orí fóònù kún un.

Ọmọ Ìjerò, Kánádà

200 yẹn túmọ̀ sí pé ojú ewé náà ṣí fún un, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Kí ló wà lójú ewé àkọ́kọ́?

Akọ̀wé Adó

Orúkọ 25 àti nọ́ńbà fóònù wọn. Kò ṣí ojú ewé kejì. Kò ṣí ti owó.

Ọmọ Ìjerò, Kánádà

Ẹ tọ́jú àwọn lọ́ọ̀gì yẹn síbòmíràn kí wọ́n tó yí kúrò. Lẹ́yìn náà, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀, láti fi tó àjọ ààbò dátà létí, bí ọ̀rọ̀ náà bá lè kó àwọn èèyàn náà sí wàhálà. Nọ́ńbà fóònù àti pé ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n: èmi rò pé ẹni tó bá fẹ́ fi ìpè jìbìtì lù wọ́n, ó ti ní ohun tó nílò. Ẹ má dúró de ọjọ́ Àìkú. Kí ẹ sọ fún alága lálẹ́ yìí, kí ẹ sì pe àwọn 25 yẹn kí wọ́n mọ̀ pé ẹgbẹ́ kò ní pè wọ́n láé láti béèrè nọ́ńbà káàdì.

Ìyá Káfẹ́, Ẹ̀fọ̀n

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Kí n fi ọ̀kan kún un fún àwọn tó bá ka ibí yìí lọ́la: 169.254. Iná dé lọ́jọ́ kan ní Ẹ̀fọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọmọ tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kún káfẹ́ dé ìta, kò sí kọ̀ǹpútà kan tó rí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wo àdírẹ́sì wọn, 169.254 ni gbogbo wọn. Mo ti fẹ́ pariwo olè. Àṣé ráútà tó ń pín àdírẹ́sì ni kò jí. Bí kọ̀ǹpútà bá pè tí kò rí ẹni dá a lóhùn, á fún ara rẹ̀ ní 169.254-nǹkan, àwọn tó wà lórí wáyà kan náà lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò lè jáde síta. Mo pa ráútà, mo tàn án, ó tán. Ẹ má fi èyí da oorun yín rú.

Ọmọ Ìjerò, Kánádà

Ní káfẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lórí cloud, ẹ jẹ́ kí oorun dàrú díẹ̀. Ọ̀kan wà nínú agbo yẹn, 169.254.169.254, tí àwọn olùtajà cloud ńláńlá fi ń dá sáfà lóhùn nípa ara rẹ̀: orúkọ rẹ, ibi tó o wà, àti nígbà mìíràn, kọ́kọ́rọ́ tó fi ń ṣí àpótí ìṣúra. Inú sáfà nìkan ló ti ṣeé pè. Nítorí náà, olè kì í pè é fúnra rẹ̀, sáfà ló máa rán.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ṣé ibì kan wà lójú ìwé yín tí èèyàn lè lẹ ìlìǹkì mọ́, tí sáfà á lọ gbé nǹkan wá láti ibẹ̀?

Akọ̀wé Adó

Ibi fọ́tò! Ọmọ ẹgbẹ́ lè lẹ ìlìǹkì fọ́tò rẹ̀.

Ọmọ Ìjerò, Kánádà

Bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí àlejò lè rán níṣẹ́ ni. Ó ní “bá mi mú fọ́tò wá”, dípò ìlìǹkì fọ́tò ó kọ 169.254.169.254, ọmọ ọ̀dọ̀ wọ yàrá bàbá, ó gbé kọ́kọ́rọ́ wá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà wọ báńkì Capital One ní Amẹ́ríkà ní 2019. Dátà bíi mílíọ̀nù 106 èèyàn ló jáde. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni Amazon gbé IMDSv2, ẹ̀dà tuntun olùdáhùn yẹn, jáde, èyí tó máa ń béèrè àmì ìdánimọ̀ kó tó dáhùn. Bí ibi tí ẹ ti yá sáfà bá ní irú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di dandan.

Ẹ má rò pé kí ẹ kàn fi òfin wá “127.0.0.1” àti “169.254” nínú ìlìǹkì ti tó. 127.1 ni. 2130706433 náà ni, nọ́ńbà kan gbọọrọ láìsí àmì ìdádúró. `::ffff:127.0.0.1` náà ni. Èèyàn tún lè ra orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó jẹ́ kí orúkọ náà tọ́ka sí 127.0.0.1. Aṣọ ló ń pààrọ̀, ara kan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa, lẹ́yìn tí orúkọ bá ti di àdírẹ́sì ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, àdírẹ́sì tó yẹ̀ wò yẹn gan-an ni yóò sì bá sọ̀rọ̀. Tèmi ni pé kí ẹ yọ ìlìǹkì yẹn kúrò. Kí wọ́n gbé fọ́tò wọlé láti orí fóònù wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi lórí ti Ṣáínà. Kí n jẹ́wọ́ kan. Mo ka ẹ̀kọ́ kan tó ní kí n jẹ́ kí 203.0.113.10 nìkan lè wọ SSH mi, mo dà á kọ bó ṣe wà. Àtìgbà yẹn ni mi ò ti lè wọ sáfà mi mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé.

Bàbá Ráútà, Ìkẹ́rẹ́

Ọmọ, o pa mí lẹ́rìn-ín. Àdírẹ́sì àpẹẹrẹ nìyẹn! 192.0.2, 198.51.100 àti 203.0.113, inú ìwé àti ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n ń gbé, kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó ń tibẹ̀ wá. Ó yẹ kí o fi tìrẹ rọ́pò rẹ̀. O ti fún ẹni tí wọn ò tíì bí ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ. Wọlé láti ojú console lọ́dọ̀ àwọn tó o yá sáfà lọ́wọ́ wọn, kí o tún un kọ.

Akọ̀wé Adó

Ẹ kú àárọ̀ o. Alága ti gbọ́, ó pariwo díẹ̀, ó sì wá ní kí n kọ lẹ́tà sí àjọ náà lónìí kí òun fọwọ́ sí i. Mo ti pe èèyàn 19 nínú 25. Ìyá kan ní òun ti mọ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, pé ẹnì kan ti fi fóònù bi òun léèrè lánàá bí òun bá ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Mo ti kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú.

nginx ti ń kọ ìwé fúnra rẹ̀. Lọ́ọ̀gì ti yàtọ̀ pátápátá: àwọn tó ń gbìyànjú “admin” ti ní àdírẹ́sì gidi, mo ka 41 láti òru. Ìlìǹkì fọ́tò ti lọ. Ó ku ọ̀kan tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kò ní ju ẹyọ kan lọ, àdírẹ́sì rẹ̀ ò jọ èyí tí mo rí rí: `::1`. Ṣé kí n dí i?

Bàbá Ráútà, Ìkẹ́rẹ́

Má fọwọ́ kàn án! 127.0.0.1 náà ni, IPv6 ló wọ̀ sọ́rùn. Wo crontab rẹ, ìwé iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe lákòókò, iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó máa ń yẹ ojú ìwé wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Akọ̀wé Adó

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, bàbá. Èmi fúnra mi ni mo fi í síbẹ̀ lóṣù kẹta.